Manẹ́ẹ̀tì Sàbí Lórí Ìṣó

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń dá mi dúró lójú ọ̀nà Pilató, àdúgbò wa, pé, "Bàbá, ṣé iṣẹ́ gidi ni èyí tí ẹ ṣe yẹn?", mo fẹ́ dá gbogbo yín lóhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí n sì sinmi. Bí mo bá ń dá yín lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀fun mi á gbẹ kó tó kan ẹni tó kẹ́yìn. Iṣẹ́ gidi ni. Mo fi tọ́ ọmọ, mo fi kọ́lé sí ìsàlẹ̀ àpáta, mo sì fi darúgbó. Mo tún rédíò ṣe, mo tún tẹlifísàn ṣe, lẹ́yìn náà ni mo ṣí yàrá eré fídíò tí gbogbo ìlú Ṣábẹ̀ẹ́ mọ̀ sí Yàrá Bàbá Manẹ́ẹ̀tì. Manẹ́ẹ̀tì ni nǹkan tí ẹ máa ń fi ọwọ́ méjèèjì dì mú láti fi darí eré tó wà lójú tẹlifísàn. Mo ń ṣàlàyé rẹ̀ nítorí àwọn àgbà tó máa ń rò pé orúkọ àkọ́bí mi ni. Ìyá arúgbó kan ládùúgbò wa tilẹ̀ máa ń bi mí pé, "Manẹ́ẹ̀tì ńkọ́, ṣé ó ti níyàwó?" Mo máa ń dá a lóhùn pé kò tíì rí ẹni tó wù ú.

Bí mo ṣe dé ẹnu iṣẹ́ kò gba àlàyé púpọ̀. Bàbá mi mú mi lọ bá Ọ̀gá Láwànì, tó ń tún rédíò ṣe nítòsí ibùdó rélùwéè. Wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀, wọ́n mu omi, bàbá mi gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó lọ. Ti owó, ẹ má bi mí. Ó tó jẹun, kò tó fi yangàn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ni ojú tí mo rí lọ́wọ́ Ọ̀gá Láwànì, nítorí òun ni mo fi ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Ọ̀gá Láwànì kì í lu ènìyàn. Ì bá sàn kó lù wá. Òfin rẹ̀ ni pé ọmọ iṣẹ́ kankan kò gbọ́dọ̀ tú ẹ̀yìn rédíò láìjẹ́ pé ó ti gbọ́ ọ tán. Á gbé rédíò tó ń ṣàìsàn lé ọ lórí itan, á ní kí o di ojú rẹ, kí o sì tẹ́tí. Ìròyìn á lọ, orin á lọ, ìpolówó oògùn ikọ́ á lọ, ìwọ á jókòó síbẹ̀ bí ìyàwó tuntun. Bí o bá wá sọ pé o ti mọ ibi tó ti ń dùn ún, á bi ọ́ pé, "Ṣé o gbọ́ ọ tán?"

Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan gbé rédíò wá láti Kábúà, ohùn rẹ̀ ń há. Mo gbọ́ ọ díẹ̀, mo gbé àyà sókè, mo ní awọ ẹnu rẹ̀ tí ohùn ń gbà jáde ló ya. Mo ti mú irin tí a fi ń tú nọ́ọ̀tì lọ́wọ́. Ọ̀gá ò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Ṣé o gbọ́ ọ tán?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá."

"Irọ́ lo pa. Gbé e padà sórí itan rẹ."

Mo gbé e padà. Oorun ọ̀sán ń kùn mí, ẹsẹ̀ mi kú, inú ń bí mi débi pé mo ń fi inú ṣépè. Nígbà tó di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, tí rédíò náà ti gbóná dáadáa, ohùn tó ń há yẹn dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì mọ́ kedere. Awọ ẹnu rẹ̀ kò ya rárá. Ojú ibì kan tí wọ́n fi òjé lẹ̀ ló là, tó sì máa ń pàdé ara rẹ̀ bó bá ti gbóná. Ká ní mo tú u bí mo ṣe fẹ́, mo ti bà á jẹ́ fún obìnrin náà nìyẹn. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní kí n lọ jẹun.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dá mi sílẹ̀, tí mo kúnlẹ̀ lórí ẹní, tí wọ́n da pọ́dà sí mi lórí, tí àwọn ẹbí mi ń jó yí mi ká, Ọ̀gá Láwànì ṣàdúrà fún mi tán, ó wá tẹ̀ bá mi létí. Ó ní, "Má jẹ́ kí ìkánjú sọ ọ́ di apani-ní-rédíò." Mo rò pé ó ń bá mi ṣeré ni. Ọkùnrin náà kì í ṣeré.

Àwọn ẹ̀rọ tí a ń tún ṣe yí padà lójú mi. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, inú rédíò máa ń tàn bí ilé tí wọ́n tanná sí, ó sì máa ń gbóná débi pé a ń yáná níbẹ̀ lásìkò ọyẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n kéré, wọ́n ṣókùnkùn. Tẹlifísàn dé pẹ̀lú ẹ̀yìn ńlá rẹ̀, a sì ń tún un ṣe. Lẹ́yìn náà ni èyí tó pẹlẹbẹ dé. Ìyẹn, bó bá kú, ó kú náà nìyẹn, wọ́n á jù ú sí ẹ̀yìnkùlé kí adìyẹ máa gun orí rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ dáko kajú. Èmi náà gbin díẹ̀, n kì í ṣe òmùgọ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan tó dé láti Gàbọ́ọ̀n gbé ẹ̀rọ eré fídíò kan tó bàjẹ́ wá bá mi, mo tún un ṣe, ó ní òun ò fẹ́ ẹ mọ́, kí n fi ṣe owó iṣẹ́ mi. Mo so ó mọ́ tẹlifísàn kan nínú ṣọ́ọ̀bù láti fi dán an wò. Kí n tó yíjú padà, àwọn ọ̀dọ́ ti kún ẹnu ọ̀nà. Bí mo ṣe di Bàbá Manẹ́ẹ̀tì nìyẹn.

Níbi tí ọ̀dọ́ bá pọ̀ sí, ìjà á wà. Mo wá ṣe òfin kan, mo sì fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri: bí ẹni tí o ń darí bá kú nínú eré, dìde, gbé manẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó kàn, kí òun náà bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹ̀bẹ̀, kò sí "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ ló yọ̀." Òfin náà wọ̀ wọ́n lára débi pé mo rí wọn nílé oúnjẹ tí ẹran bọ́ lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ní kó dìde.

Ohun kejì kì í ṣe òfin, wọ́n dá a sílẹ̀ fúnra wọn ni. Ẹni tó bá ní manẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ á so òwú aláwọ̀ mọ́ ọn, bí àkókò iṣu bá dé tó ń lọ sóko, á fi kọ́ ìṣó lára ògiri. Manẹ́ẹ̀tì tó bá wà lórí ìṣó, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn án. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé olówó rẹ̀ ń bọ̀. Mo rí ọ̀kan tó wà níbẹ̀ títí aláǹtakùn fi kọ́lé sí i, olówó rẹ̀ sì dé láti Nàìjíríà lọ́jọ́ kan, ó fẹ́ eruku rẹ̀ nù, ó jókòó.

Lára wọn, àwọn méjì ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn. Sàbí jẹ́ ọmọ ọkọ̀ lórí kamíọ̀n, ọkọ̀ akẹ́rù, tó máa ń kó kajú láti Kábúà wá sí ìlú. Ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ráfíù, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ń jó irin mọ́ irin ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Parakú, òun ni kì í sọ̀rọ̀. Sàbí ń sọ̀rọ̀ fún àwọn méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n Sàbí obìnrin, Àlímọ̀, tó ń ṣe irun, ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn.

Ọdún kan, òjò ńlá rọ̀, iná kúrántì lọ, ó sì padà dé pẹ̀lú agbára tí n ò rí irú rẹ̀ rí. Mo gbọ́ táú, táú, táú, èéfín sì kún yàrá. Gbogbo tẹlifísàn, gbogbo ẹ̀rọ eré, kò ṣẹ́ ku ọ̀kan. Mo jókòó sórí búlọ́ọ̀kù níta, mo fọwọ́ lẹ́rán, ojú mi gbẹ, omijé kò tilẹ̀ jáde. Mo ti pinnu pé ó tán. Sàbí dé, ó wo inú, ó wò mí, ó sì yí padà lọ. Ó dùn mí. Mo ní nínú ara mi pé ọmọ yìí náà ti sá.

Nígbà tó ṣe, mo gbọ́ ariwo kẹ̀kẹ́ ẹrù. Sàbí ń tì í bọ̀ pẹ̀lú Ráfíù, òkú tẹlifísàn ló kún inú rẹ̀. Wọ́n ti ń wọlé kiri gbogbo Pilató, wọ́n ń bẹ àwọn ènìyàn kí wọ́n fún wọn ní èyí tó ti bàjẹ́ tí wọ́n pa tì sí kọ̀rọ̀. Sàbí ní, "Bàbá, ẹ̀dọ̀ tèyí ṣì dára, ojú tèyí ṣì dára. Ẹ bá wa pa wọ́n pọ̀." Mo rẹ́rìn-ín débi pé omijé tó kọ̀ láti jáde wá jáde. A tú wọn, a ń yọ ti ọ̀kan sínú èkejì. Ráfíù ń bá mi mú irin gbígbóná, Àlímọ̀ ń gbé dùńdú wá fún wa pẹ̀lú ìbínú pé a ò jẹ́ kí àbúrò òun sùn. Yàrá náà padà ṣí. Nítorí náà, bí mo bá sọ pé Sàbí jẹ́ ọmọ mi, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ.

Eré tí òun àti Ráfíù fẹ́ràn jù, orúkọ òyìnbó gígùn kan ni wọ́n sọ ọ́, àwa ń pè é ní Bàbá Oníkamíọ̀n. Awakọ̀ àgbà kan tó ní irùngbọ̀n funfun ń kó ẹrù gba orí òkè àti aṣálẹ̀ pẹ̀lú ọmọ ọkọ̀ rẹ̀. Ènìyàn méjì ló ń ṣe é. Manẹ́ẹ̀tì kìíní ń wakọ̀. Manẹ́ẹ̀tì kejì ni ọmọ ọkọ̀, tó ń fi igi dí táyà, tó ń bu omi sí ẹ̀ńjìnnì. Òun nìkan ló sì ń rí ọ̀nà jìnnà, àfi kó máa sọ ohun tó rí fún awakọ̀. Ẹ rò ó wò, ní Ṣábẹ̀ẹ́ tí kamíọ̀n ń kọjá níwájú ilé wa tọ̀sán-tòru. Ráfíù ní ń wakọ̀, Sàbí ní ń sọ ọ̀nà. Títí di òní mo ṣì ń gbọ́ ohùn rẹ̀: "Kòtò lọ́wọ́ ọ̀tún. Ewúrẹ́, ewúrẹ́. Afárá níwájú, rọra." Wọ́n sọ ọ́ lórí fóònù pé ìkejì eré náà ń bọ̀. Àwọn méjèèjì ń retí rẹ̀ bí ẹni ń retí ìkómọ.

Ní òpin àsìkò kajú, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kamíọ̀n tí Sàbí wà lórí rẹ̀ ṣubú níbi afárá kékeré kan lójú ọ̀nà Kábúà. Awakọ̀ yè é. Sàbí kò yè é. N ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Manẹ́ẹ̀tì rẹ̀, tó ní òwú àwọ̀ ewé, wà lórí ìṣó níbi tó fi kọ́ ọ sí kó tó lọ. Kò sẹ́ni tó lè yọ ọ́. Ráfíù ṣì máa ń wá bó bá ti parí iṣẹ́. Á kí mi, á jókòó sórí bẹ́ńṣì lábẹ́ ìṣó yẹn, kò ní bá ẹnikẹ́ni ṣeré, á sì lọ. Mo gbìyànjú láti fi ẹlòmíràn tì í, ó ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá," kò sì mira. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Ó ń rù, ọ̀gá rẹ̀ sì wá sọ fún mi pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi iná jó ara rẹ̀ nítorí pé ọkàn rẹ̀ kò sí níbi iṣẹ́.

Àsìkò yẹn gan-an ni ìkejì Bàbá Oníkamíọ̀n jáde. Wàhálà sì dé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, Bàbá kú. Lórí afárá. Gbogbo ayé ló ń bínú lórí fóònù, yàrá mi náà sì pín sí méjì. Àwọn kan ní àwọn tó ṣe eré náà kò ní ojú àánú, ta ló ń pa àgbàlagbà tí a ti jọ rìn jìnnà báyẹn? Àwọn kan ní ó yẹ, pé ẹni tó bá darúgbó lẹ́nu iṣẹ́ á kú ṣáá, wọ́n sì wò mí. Mo ní kí wọ́n gbójú wọn kúrò lára mi.

Ráfíù ló yà mí lẹ́nu. Ó dìde láti orí bẹ́ńṣì, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rà á. A ti jọ ń retí ẹ̀." Ọ̀rọ̀ tó gùn jù tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà òkú nìyẹn.

Ní ọjọ́ kejì, Àlímọ̀ wọlé. Ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ pọ́n.

"Bàbá, mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ ra eré kan tí awakọ̀ ti ń kú lórí afárá."

"N ò tíì pinnu, Àlímọ̀."

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀. Ṣùgbọ́n ibí yìí lẹ̀ ń gbé e sí, níbi tí àbúrò mi ń jókòó. Wọ́n á máa pa ọkùnrin náà, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún un pa. Bí ẹ bá gbé e wọlé, èmi náà á wá yọ manẹ́ẹ̀tì Sàbí, màá mú un lọ sílé. Ẹ má bínú sí mi."

N ò bínú. Kí ni mo fẹ́ bínú sí? Òun náà tọ̀nà. Bí mo bá rà á, mo ṣẹ Àlímọ̀, a sì pàdánù ohun kan ṣoṣo tí Ráfíù ń jókòó tì. Bí n ò bá rà á, Ráfíù á máa jókòó lábẹ́ ìṣó títí á fi dà bí ìṣó náà. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwo eré náà kì í ṣiṣẹ́ lára ẹ̀rọ àtijọ́ mi, àfi kí n fi gbogbo kajú ọdún yẹn ra ẹ̀rọ tuntun. Bó bá lọ jẹ́ eré tí kò wúlò, mo ti ilẹ̀kùn nìyẹn.

Olùkọ́ kan wà tí ìjọba gbé wá láti Pọ́bẹ̀, Mùsíè Adéṣínà, èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó ti ra ẹ̀rọ tuntun àti eré náà ní Kútọnu. Nígbà tó ń lọ sílé ní òpin ọ̀sẹ̀, ó gbé e wá fún mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ fi dán an wò kí ẹ tó náwó. Mo ti ṣe é dé òpin. N ò ní sọ fún yín bóyá ó dára. Ìyàwó mi fẹ́ràn rẹ̀, èmi àti àbúrò mi sì bá ara wa jà nítorí rẹ̀." Ó wọkọ̀, ó lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, mo so ó mọ́ tẹlifísàn ńlá. Yàrá kún dé ìta. Ẹni kìíní wakọ̀ dáadáa, ó dé orí afárá, afárá já, Bàbá kú. Ó dìde. Ó gbé manẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó kàn, ìyẹn bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó rọra wà á, ó tún dé orí afárá, Bàbá kú, ó dìde. Òmíràn fi gbogbo agbára sáré kọjá, Bàbá kú. Òmíràn fi ẹ̀yìn gba orí afárá. Bàbá kú. Ráfíù dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó rí i tí kamíọ̀n náà ṣubú, ó sì yí padà lọ. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, gbogbo wọn ti pa Bàbá, wọ́n ń sọ pé eré burúkú ni, pé òkú lásán ló wà nínú rẹ̀. Èmi náà gbà pẹ̀lú wọn. Mo ti ń rò ó bí màá ṣe sọ fún Ráfíù.

Ní ọjọ́ kejì tí í ṣe Sátidé, àwọn ọ̀dọ́ wà lóko, mo ti ilẹ̀kùn yàrá kí n lè tú ẹ̀rọ olùkọ́ sílẹ̀. Mo ní kí èmi náà tilẹ̀ pa Bàbá lẹ́ẹ̀kan. Ọwọ́ mi ti le, mo fi kamíọ̀n gbá gbogbo nǹkan tó wà létí ọ̀nà. Mo dé orí afárá, Bàbá kú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dìde, mo na manẹ́ẹ̀tì sí ẹ̀gbẹ́ fún ẹni tó kàn.

Kò sí ẹni tó kàn. Mo padà jókòó, mo di manẹ́ẹ̀tì mú, mò ń wo ojú tẹlifísàn tó ti ṣókùnkùn. Òjò ń rọ̀ nínú òkùnkùn náà. Ó rọ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ èémí ẹnì kan, ọmọ ọkọ̀ sì fa ara rẹ̀ jáde nínú omi, ó gun kamíọ̀n, ó jókòó síbi tí Bàbá ń jókòó. Eré náà kò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá. Òfin tí mo fi ọ̀dà pupa kọ ló ti lé gbogbo wa dìde lẹ́nu ọ̀nà. Mo gbọ́ Ọ̀gá Láwànì bí ẹni pé ó wà lẹ́yìn mi: "Ṣé o gbọ́ ọ tán?" Mo rẹ́rìn-ín ara mi, mo bọ́ bàtà, mo sì tẹ́ ara mi sílẹ̀ dáadáa.

Mo ṣe é ní Sátidé, mo ṣe é ní ọjọ́ Àìkú. Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè bóyá ó tó rà, ẹ gbọ́ òótọ́. Ó ní àlébù. Ó gùn jù. Apá kan wà ní àárín tó jẹ́ iyanrìn, iyanrìn, mo sùn lọ níbẹ̀. Ẹni tó bá sì ní òun ò fẹ́ ẹ nítorí ikú Bàbá, n ò bá a jà, ó nífẹ̀ẹ́ Bàbá ni. Ṣùgbọ́n ọmọ ọkọ̀ yẹn nìkan ló wà nínú kamíọ̀n, ìjókòó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣófo, manẹ́ẹ̀tì kejì kò ṣe nǹkan kan. Kọ́ọ̀pù tí Bàbá fi ń mu tíì wà níwájú, bí o bá tẹ bíréèkì, á rìn wá sí iwájú rẹ. Ó gbọ́dọ̀ lọ kan ilẹ̀kùn ìyàwó Bàbá láti túfọ̀ fún un. O ò lè fo ibẹ̀, ìwọ fúnra rẹ lo máa tẹ bọ́tìnnì tí ọwọ́ á fi kan ilẹ̀kùn. Mo gbé manẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, mo lọ mu omi, kí n tó lè tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn iyanrìn, ọmọbìnrin kan dúró létí ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, ó ní òun fẹ́ kọ́ iṣẹ́. Ojú tẹlifísàn kọ ọ́ ní Faransé pé kí ẹnì kan mú manẹ́ẹ̀tì kejì. Mo wo ìṣó, mo wo òwú àwọ̀ ewé. Mo wá gbé manẹ́ẹ̀tì kejì olùkọ́ sílẹ̀, mo sì fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi tẹ̀ ẹ́ títí mo fi ṣe é tán. Kò dùn bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ohun tí ènìyàn kan ń fi ẹsẹ̀ ṣe.

Mo ta kajú, mo rà á. Iṣẹ́ ìkẹyìn tí mo ṣe láyé ni òkùn kan tí mo so, tó lè jẹ́ kí manẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ṣiṣẹ́ lára ẹ̀rọ tuntun. Irú ti Sàbí mìíràn ni mo fi dán an wò. Tirẹ̀, n ò fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo fẹ̀yìn tì. Ráfíù ló ń tọ́jú yàrá náà báyìí, bí ẹ bá débẹ̀ ẹ bá mi kí i. Ó ti ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ọjọ́ tí a ṣí eré náà, Àlímọ̀ wá bó ṣe wí. Ó ti na ọwọ́ sí ìṣó. Mo ní, "Àlímọ̀, ọmọ mi, tìrẹ ni. Jókòó gbọ́ ọ tán. Bó o bá ṣì fẹ́ mú un lọ lẹ́yìn náà, èmi fúnra mi á yọ ọ́ fún ọ." Ó wò mí, ó jókòó sí ìkángun bẹ́ńṣì pẹ̀lú báàgì rẹ̀ lórí itan. Ráfíù mú manẹ́ẹ̀tì. Bàbá kú. Gbogbo yàrá na ọwọ́, mo sì ní ẹnikẹ́ni kò ní dìde lónìí. Òjò rọ̀ nínú òkùnkùn, ọmọ ọkọ̀ jáde nínú omi, Ráfíù sì ń wakọ̀ lọ. Ní àwọn ọ̀sán tó tẹ̀ lé e, Àlímọ̀ ń padà wá, ó ń ti ṣọ́ọ̀bù irun rẹ̀ wá. Nígbà tí wọ́n dé ilẹ̀kùn ìyàwó Bàbá, Ráfíù kò lè tẹ bọ́tìnnì náà. Àlímọ̀ ní, "Kàn án. Ó yẹ kó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ." Ráfíù tẹ̀ ẹ́, ó sì sunkún níwájú gbogbo wa, ẹnikẹ́ni kò fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọmọbìnrin náà fara hàn létí ọ̀nà. Ojú tẹlifísàn ní kí ẹnì kan mú manẹ́ẹ̀tì kejì. Ráfíù kò wẹ̀yìn, kò wo ìṣó, ó kàn tẹ orí mọ́lẹ̀.

Àlímọ̀ gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀. Ó yọ manẹ́ẹ̀tì náà lórí ìṣó, ó fi etí gèlè rẹ̀ nu eruku ara rẹ̀, ó nù ún pẹ́. Mo ki òkùn mi bọ̀ ọ́. Ó jókòó síbi tí Sàbí ń jókòó, ó di manẹ́ẹ̀tì mú bí ẹni di ẹyin mú.

"Kí ni mo máa tẹ̀?"

Ráfíù nu ojú rẹ̀. "Ẹ má tíì tẹ nǹkan kan, ẹ̀gbọ́n. Ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹ rí níwájú fún mi."

Àlímọ̀ tẹjú mọ́ ọ̀nà náà.

"Afárá ni mo rí," ó ní. "Rọra."